ERÉ ÒWÚRỌ̀, ẸKÚN ÌRỌ̀LẸ́

BÍBÉLÌ KÍKÀ: 2 Sámúẹ́lì 2:12-31
ÀKỌ́SÓRÍ: Róòmù 12:20 (Kí gbogbo ilé kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì.)

Olùfẹ́, ogun tí a kà nípa rẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí kì í ṣe ti Ísírẹ́lì àti àwọn Fílístínì. Ogun abẹ́lé ni. Ilé Sọ́ọ̀lù ń bá ilé Dáfídì jà, ọmọ bàbá kan náà sì ni wọ́n. Ábínérì ló dábàá pé kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dìde, kí wọ́n wá ṣeré. Méjìlá jáde láti ìhà kan, méjìlá láti ìhà kejì. Kò sí ọ̀kan tó padà sílé. Kí ọjọ́ náà tó parí, Dáfídì ti pàdánù 20 ènìyàn, Ábínérì 360. Ẹni tó pè é ní eré ní òwúrọ̀ ló wà lórí òkè ní ìrọ̀lẹ́, tó ń bẹ Jóábù pé kí idà sinmi, nítorí ìkorò ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967, ìjọba pè é ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán. Ọgbọ̀n oṣù ló gbà.

Bàbá kan ní Ọ̀fàdà, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọṣẹ́ ṣọ́jà lọ́dún náà. Ọmọ ọdún 19 ni. Aṣọ ogun, owó oṣù àti bí àwọn ọmọge yóò ṣe máa wo òun ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò dé kí wọ́n tó kórè ìrẹsì. Ìkórè mẹ́ta ló kọjá kí ó tó dé.

Ní 1969, nítòsí Òwẹ́rì, ìbọn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kúrò nílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú ọmọ ogun Biafra kan tó gbọgbẹ́, ọmọdé sí i díẹ̀. Ọmọ náà gbójú sókè, Yorùbá ló sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Omi wà nínú ìgò tó so mọ́ ìgbànú bàbá yìí. Ṣùgbọ́n nítorí ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti kú.

Nígbà tó padà sílé ní 1970, wọ́n lùlù fún un, kò lè jó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá ti bu omi nínú àmù, ohùn ọmọ náà ló ń gbọ́. Ẹsẹ̀ àgbélébùú ló ti rí ìdáríjì, níbi tí òùngbẹ ti gbẹ Jésù fúnra rẹ̀ (Jòhánù 19:28).

Bàbá kò sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń jà nítorí ilẹ̀. Wọn kì í kí ara wọn mọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ ti ń wá jàǹdùkú. Ó pè wọ́n, ó sọ ọ́ fún wọn, ó sì gbé ife omi kan sí àárín wọn. Ó ní, "Ta ni yóò kọ́kọ́ fún èkejì mu?" Wọ́n dákẹ́ títí. Àbúrò ló gbé ife náà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò tíì yanjú tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jókòó sọ ọ́.

Olùfẹ́, ogun máa ń dùn létí ẹni tí kò tíì rí i. Ábínérì kìlọ̀ fún Ásáhélì lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbọ́, ó sì kú. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ni ìwọ náà ń lépa? Ìyàwó rẹ ni? Ọmọ ìyá rẹ ni? Dúró kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí àwa jẹ́ ọ̀tá ni Ọlọ́run bá wa làjà (Róòmù 5:10).

IṢẸ́ ÒNÍ: Kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ bá ẹnì kan tí ẹ kò jọ sọ̀rọ̀ mọ́, kí o sì kọ́kọ́ kí i.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Bàbá, dárí jì mí fún ọjọ́ tí mo ní omi lọ́wọ́ tí mo sì yí ojú kúrò.
2. Olúwa, gbogbo idà tó wà nínú ẹbí mi, dá a padà sínú àkọ̀ ní orúkọ Jésù.
3. Bàbá, má ṣe jẹ́ kí Nàìjíríà tún rí ogun abẹ́lé mọ́, ní orúkọ Jésù.