Ohun Tí Ó Ń Di Ojú Mú Bí Orí Bá Ń Mì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ dán nǹkan kékeré kan wò. Ẹ na ìwé ìròyìn yìí síwájú yín, kí ọwọ́ nà tán, kí ẹ sì máa gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì kíákíá. Ẹ ó rí i pé àwọn lẹ́tà yóò dàrú mọ́ ara wọn, wọn kò ní ṣeé kà. Wàyí o, ẹ mú ìwé náà dúró jẹ́ẹ́, kí ó wá jẹ́ pé orí yín ni ẹ ó máa mì kíákíá, bí ọmọdé tí ó kọ oúnjẹ. Ìwé kò dàrú mọ́, ẹ lè kà á. Kí ló fà á?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ojú ni. Etí ni o.

Nínú eegun tí ó wà lẹ́yìn ìlù etí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a fi ń gbọ́ràn gan-an, etí kọ̀ọ̀kan ní ihò tín-ín-rín mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ bí òrùka, omi sì kún inú wọn. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ sí yàtọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí orí kò lè yí síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún kí ọ̀kan nínú wọn má mọ̀. Bí orí bá yí, omi náà a fẹ́ dúró sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí omi inú garawa ti í ṣe nígbà tí a bá ṣàdédé yí garawa. Irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí ó wà níbẹ̀ a tẹ̀, a sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ kò ní bi wá léèrè. Ó ti pàṣẹ fún iṣan mẹ́fà tí ó di ẹyinjú kọ̀ọ̀kan mú, wọn a sì yí ojú sí òdìkejì ibi tí orí gbà, ní ìwọ̀n kan náà. Orí lọ sọ́tùn-ún, ojú yí sósì. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 100, nǹkan bí ìdá kan ni èyí ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú nìkan ni yóò fi rírí tẹ̀ lé ohun tí ń sáré, yóò lo bí ìdá 10. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi dàrú nígbà tí ẹ gbọn ìwé. Iṣẹ́ etí yìí ni ó ń jẹ́ kí ẹ lè ka pátákó ojú ọ̀nà láti inú dánfó tí ń já sí kòtò.

Àwa tí ó ń fọ etí fún aláìsàn kì í fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Bí omi ìfọtí bá tutù tàbí tí ó bá gbóná ju ara lọ, òòyì a kọ́ ènìyàn, ojú rẹ̀ a sì máa sá lọ sá bọ̀. Dókítà Robert Bárány ará Vienna ni ó wádìí èyí títí ó fi rí i pé ìgbóná tàbí òtútù ni ó ń mú omi inú ihò etí rìn, bí ẹni pé orí ń yí. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 lórí iṣẹ́ yìí. Inú àgọ́ àwọn tí a kó lẹ́rú ogun ní Rọ́ṣíà ni ìròyìn náà ti bá a. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ da omi tútù sí yín létí, ẹ kọ̀ fún un.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ní ọdún 1943 ni wọ́n rí streptomycin ní Amẹ́ríkà, oògùn àkọ́kọ́ tí ó borí ikọ́ ife. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ó lè pa irun inú etí wọ̀nyí. Ní ọdún 1952, dókítà Amẹ́ríkà kan tí ó gba abẹ́rẹ́ náà nítorí ikọ́ ife orúnkún kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé àwọn oníṣègùn. Lílù ọkàn rẹ̀ lásán, tí ń mi orí rẹ̀ díẹ̀, tó láti mú kí lẹ́tà máa fò. Ó ní láti fi orí há àárín irin ibùsùn kí ó tó lè kàwé. Bí ó bá ń rìn, kò lè dá ènìyàn mọ̀ àfi tí ó bá dúró.

Àbúrò streptomycin ni gentamicin, èyí tí ó ṣì pọ̀ lóde. Obìnrin oníṣòwò kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa lẹ́yìn tí ẹnì kan ládùúgbò rẹ̀ ti ń gún un lábẹ́rẹ́ nítorí ibà tí kò lọ. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, bí mo bá dúró, mò ń rí ojú oníbàárà mi kedere. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, ojú wọn a máa jó.” Ó ti ra awò ojú méjì, owó náà ṣòfò, nítorí ojú rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Ìgò abẹ́rẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kó wá ni ó jẹ́ ká mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àrùn yìí kì í dunni. Òòyì gan-an lè má kọ́ ènìyàn, nítorí pé etí méjèèjì ń kú lọ papọ̀. Ìgbà tí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ tí èkejì dákẹ́ ni ilé máa ń yí. Ó tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti parí. Ẹni tí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú òkùnkùn, tí etí rẹ̀ ń hó, tàbí tí ìwé ń fò mọ́ ọn lójú bí orí bá mì, kí ó tètè sọ fún dókítà. Kíndìnrín ni ó ń lé oògùn náà jáde, ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bí dókítà bá ní kí a fún ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ kò yá ní gentamicin, ẹ má kọ̀. Ó ń gba ẹ̀mí là. Dókítà yóò wọn ọmọ, yóò sì ṣírò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí kò lórúkọ ni kí ẹ kọ̀. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìgò rẹ̀. Ní ti ikọ́ ife, oògùn tí a ń gbé mì ni a fi ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ lóde òní, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìtọ́jú ìjọba.

Irun tí ó ti kú kì í hù mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ lè kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Kí ẹni náà lẹ lẹ́tà ńlá kan mọ́ ògiri, kí ó tẹjú mọ́ ọn, kí ó sì máa yí orí sọ́tùn-ún sósì fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, bí ilé ìwòsàn bá ti fi hàn án. Kí iná má kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lóru. Kí ó má sì wẹ̀ nínú odò lóun nìkan, nítorí bí orí rẹ̀ bá ti rì sómi, ó lè má mọ ibi tí òkè wà.