Àpótí Ìmọ̀: FT8, Ọ̀rọ̀ Ṣókí Tó Ń Sọdá Òkun

Bí ìgbì rédíò ṣọ́ọ̀tùwéèfù bá gòkè dé aionósífíà, ìyẹn ìpele òfúrufú tí oòrùn ń fi agbára iná mànàmáná sí, ó lè tẹ̀ padà wá sílẹ̀ ní òdìkejì òkun. Ṣùgbọ́n ariwo ojú ọ̀nà a máa bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 2017, Joe Taylor àti Steve Franke, ará Amẹ́ríkà méjì, gbé FT8, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà, jáde fún àwọn olólùfẹ́ rédíò. Taylor yìí kan náà ló pín Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì pẹ̀lú Russell Hulse ní 1993.

FT8 kì í gbé ohùn. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ̀rọ̀ di ìró 8 tó yàtọ̀ síra, rédíò á sì fi wọ́n ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.64. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 15, àwọn méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ á gba ipò lọ́wọ́ ara wọn: ẹni tó ń sọ á dákẹ́, ẹni tó ń gbọ́ á fèsì. Nítorí náà, aago kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Bíìtì 77 péré ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tó fún àmì ìdánimọ̀ (5N ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ti Nàìjíríà) àti àmì ibi téèyàn wà. JJ16 ni ti Èkó. Bíìtì 97 mìíràn wà fún mímọ àṣìṣe àti àtúnṣe rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń rí ọ̀rọ̀ fà yọ nínú ariwo tí etí ò ti gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ yí rédíò tó ń gba SSB (irú ìgbì tí àwọn olólùfẹ́ rédíò fi ń gbé ohùn) sí 14.074 MHz, ẹ ó gbọ́ ìró wọn. Ìwé àṣẹ ìjọba ni ẹni tó bá fẹ́ fèsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà.