Bí Iná Bá Jó Ará Ilé Yín, Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá, Kì í Ṣe Kápúsù

Òróró àkàrà ta sí ìyá lọ́wọ́. Ọmọ kékeré fa ìkòkò omi gbígbóná lé ara rẹ̀ lórí. Kẹrosíìnì tí wọ́n ti lú mọ́ bẹntiróòlù bú gbàmù nínú sítóòfù. Irú nǹkan báwọ̀nyí ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wa dé ọsibítù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ìjóná ń pa nǹkan bí 180,000 èèyàn lọ́dún káàkiri ayé, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ló sì ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ tí iná jó wọn gan-an ni gbogbo wọn ń kú. Ọ̀pọ̀ ló ń la ọjọ́ àkọ́kọ́ já, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń jẹun, kí kòkòrò àìfojúrí tó gba ojú egbò wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ikú yẹn ló ń dunni jù, torí ohun tí a bá ṣe nílé lè dí i lọ́nà, ó sì lè la ọ̀nà fún un.

Omi fún 20 ìṣẹ́jú

Ẹ gbé ẹni náà kúrò níbi iná. Ẹ bọ́ aṣọ tó gbóná tàbí tó tutù rinrin kúrò lára rẹ̀. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fà á. Ẹ tètè yọ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa da omi tútù tó mọ́ sí ibi tó jóná fún 20 ìṣẹ́jú gbáko. Omi ẹ̀rọ ló dára jù. Bí ẹ̀rọ ò bá yọ omi, ẹ fi kọ́ọ̀pù bù ú nínú garawa, kí ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú á gùn lójú yín nígbà tí ọmọ bá ń ké, nítorí náà aago ni kí ẹ wò, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí omi ò bá tètè sí nítòsí, ó ṣì wúlò títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí iná jó o. Ẹ má lo yìnyín. Òun náà máa ń ba awọ jẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni, ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má mú un.

Ẹ fi náílọ̀nù tó mọ́ tónítóní, tàbí aṣọ tí a fọ̀ tó gbẹ, bo ibẹ̀. Ẹ má lo òwú. Bó bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń gbé ìyá àgbà lọ sídìí ẹyin tútù, ògì, iyọ̀, epo pupa àti ọṣẹ ìfọyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹyin tútù lè ní kòkòrò nínú. Ilẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù, bí ẹnì kan bá fẹ́ kùn ún, lè gbé kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú kí ara gan pa tí ẹnu ò sì ní lè là. Ohunkóhun tí a bá sì kùn sójú egbò, nọ́ọ̀sì ní láti họ ọ́ kúrò kí dókítà tó lè mọ bí iná ṣe jó o jinlẹ̀ tó. Ìrora ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kápúsù tí a ń tú sójú egbò

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ ìwé yìí rèé. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń ra kápúsù ampicillin tàbí tetracycline ní kẹ́míìsì, tí wọ́n á tú u, tí wọ́n á wọ́n ẹ̀tù rẹ̀ sójú egbò títí á fi gbẹ. Lójú, á dà bíi pé ó ń san. Àmọ́ ibi tí iná bá ti jó jinlẹ̀, ẹran òkú ló kù síbẹ̀: ó lómi nínú, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀. Oúnjẹ ni fún kòkòrò. Bí a bá sì gbé kápúsù náà mì dípò ká tú u, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn káàkiri ara, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, oògùn ò lè dé ibẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń gé ẹran òkú yẹn kúrò.

Lára kòkòrò tó fẹ́ràn egbò iná jù ni Pseudomonas aeruginosa. Ibi tó bá lómi ló ń gbé: garawa, kànrìnkàn, síǹkì, títí kan síǹkì ọsibítù. Ọyún rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí aró. Ampicillin kì í ràn án. Tetracycline kì í ràn án. Bó ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà kápúsù tí a tú ń pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó burú jù, bí àgbẹ̀ tó hú gbogbo koríko tó fi èkan nìkan sílẹ̀ lóko.

Ti Staphylococcus aureus, kòkòrò mìíràn, yàtọ̀. Ó ń gbé nínú imú ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, nígbà kan penicillin sì ń ràn án dáadáa. Bí a ṣe ń lo oògùn ní ìlòkulò ni èyí tó yè nínú wọn ń bí irú ara rẹ̀. Àwọn kòkòrò tiẹ̀ máa ń fún ara wọn ní agbára tí wọ́n fi ń dènà oògùn. Alexander Fleming tó ṣàwárí penicillin ní 1928 ti kìlọ̀ nípa èyí nígbà tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1945, pé ẹni tó bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó lè sọ kòkòrò di aláìgbóògùn. Ní 2019, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùṣèwádìí ṣe ṣírò rẹ̀, kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ ló fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé.

Egbò iná tuntun kò nílò àǹtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn apakòkòrò bí ampicillin, kó má baà kó kòkòrò. Ẹ má ní kí oníkẹ́míìsì bá yín po oògùn egbò. Bí òun gan-an bá fẹ́ pò ó, ẹ kọ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró nílé

Bí ibi tó jóná bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà lọ, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, oríkèé tàbí abẹ́, ọsibítù tààrà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá jẹ́ iná mànàmáná tàbí ásíìdì, bí ẹni náà bá fa èéfín símú, tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé tàbí arúgbó. Egbò tó funfun tó sì le, tí kò dunni rárá, burú ju èyí tó ń dunni lọ, torí iná ti jó ohun tí ara fi ń mọ ìrora níbẹ̀. Ní Èkó, ọsibítù Ìgbóbì àti Gbagada ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìjóná. Níbòmíràn, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Èyí tó kéré tí ẹ ń tọ́jú nílé, ẹ máa wò ó lójoojúmọ́. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tí ẹ ti fọ̀ kan etí egbò náà: ṣé ó gbóná, ṣé ó wú, ṣé ó le? Bí ìrora tó ti ń rọlẹ̀ bá tún gbéra, tí ó ń rùn, tí ọyún ń jáde, tí ibà tàbí òtútù gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n mú un, tàbí tí ọmọ ò jẹun mọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Bí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù ọsibítù, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan aláìsàn àti lẹ́yìn tí ẹ bá kàn án tán. Ẹ gbé ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin sísè wá fún un, torí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara fi ń hu ẹran tuntun. Bí dókítà bá ní kó lo àǹtíbáyótíìkì, kó lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó má fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bí egbò ò bá sì yí padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti mú nínú omi egbò náà lọ sí láàbù, kí wọ́n lè mọ oògùn tó ṣì ń ran kòkòrò inú rẹ̀. Èsì yẹn lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì dúró dè é.