Ìpara fún Awọ Ara Gbígbẹ: Ìṣòro Ìtumọ̀ àti Èdè-Ìperí tó Yẹ

1. Ìfáárà

Ní ìgbà ọyẹ́, tó sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ọdún, omi a máa dín nínú afẹ́fẹ́ ìlú Ìbàdàn. Ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Bẹ́yẹrúnkà àti ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, ètè a máa là, gìgísẹ̀ a máa sán, ojúgun a sì máa funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Ìtọ́jú àtayébáyé fún un ni òrí. Igi òrí ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ṣakí àti Kíṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí ògbufọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé bí òrí ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí ènìyàn ṣe lè yan ìpara tí kò ní ta á lára, tí owó rẹ̀ kò sì ní ga á lára, ọ̀rọ̀ a máa há sí i lẹ́nu. Ohun mẹ́ta ló ń fa ìṣìlóye: ọ̀rọ̀-ìṣe "gbẹ", àpólà "fún ní omi", àti ọ̀rọ̀-ìṣe "mọ́".

2. "Gbẹ"

Bí wọ́n bá ní "ó gbẹ", ó lè túmọ̀ sí pé onítọ̀hún rù. Nítorí náà, bí ìwé ìlera bá kọ "ara gbígbẹ", òǹkàwé lè rò pé àìsàn tí ń múni rù ni wọ́n ń wí. "Awọ" nìkan kò sì tó, nítorí pé awọ ẹran àti awọ bàtà ń bẹ. "Awọ ara gbígbẹ" ni kò fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì.

3. "Fún ní omi"

Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn fún irú ìpara yìí ni "ohun tí ń fún awọ ní omi". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ṣini lọ́nà. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó tò lé ara wọn, ni òkè pátápátá awọ ara. Ọ̀rá ló wà láàárín wọn. Bí ọ̀rá yìí bá dín, ìbáà jẹ́ nítorí ọyẹ́, omi gbígbóná tàbí ọṣẹ líle, omi inú awọ yóò máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Òrí kò ní omi tí yóò bù fún awọ. Ọmọrí àmù ni a lè fi í wé: ọmọrí kì í bu omi sí àmù; kí omi inú rẹ̀ má baà lọ ni ó ń ṣọ́.

Orúkọ tó bá iṣẹ́ yìí mu ni "ìpara amómidúró" (mú + omi + dúró). Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó pín sí:

(a) adínà-omi (dí + ọ̀nà + omi): ohun tí ń bo awọ kí omi má baà jáde. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Vaseline. Òrí náà ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

(b) amáwọrọ̀ (mú + awọ + rọ̀): ohun tí ń dí àlàfo àárín sẹ́ẹ̀lì, tí awọ fi ń rọ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni òrí àti àdín àgbọn.

(d) afami-mọ́ra (fà + omi + mọ́ + ara): ohun tí ń fa omi mọ́ra. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni gílísẹ́ríìnì. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀yà yìí nìkan kò tó. Ó yẹ kí adínà-omi wà lórí rẹ̀.

Àǹfààní orúkọ wọ̀nyí ni pé wọ́n ń kọ́ni ní ìlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé omi ni ìpara ń dá dúró yóò mọ ìdí tó fi yẹ kí ó para kété tó bá wẹ̀ tán, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tó bo àmù òfìfo kò dá omi kankan dúró.

4. "Mọ́"

Ewu ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ kẹta yìí. Ẹ wo gbólóhùn tí oníbàárà lè sọ fún ìyá ọlọ́jà:

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá mi wá ìpara tí yóò jẹ́ kí ara mi mọ́."

"Mọ́" lè jẹ́ òdì-kejì ìdọ̀tí. Ó sì lè jẹ́ òdì-kejì dúdú. Ẹni tó ń wá ìtọ́jú awọ gbígbẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ìpara abóra. Mercury tó wà nínú irú àwọn ìpara bẹ́ẹ̀ mìíràn ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone tí wọ́n bá sì lò pẹ́ lè mú àbààwọ́n dúdú jáde sí ojú. Àdéhùn Minamata ti ọdún 2013 fi ọdún 2020 ṣe òpin fún ṣíṣe ìpara abóra tó ní mercury, kíkó o wọlé àti kíkó o jáde láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, síbẹ̀ irú rẹ̀ kò tíì tán lọ́jà. Nítorí náà, kí ògbufọ̀ má ṣe lo "mọ́" nínú àlàyé ìpara amómidúró. "Rọ̀" àti "jọ̀lọ̀" ló yẹ ibẹ̀.

5. Ìlò nínú Ẹ̀kọ́

Olùkọ́ lè fi ìbéèrè mẹ́rin dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò:

(i) Ẹ̀yà wo nínú mẹ́ta ni ìpara yìí?
(ii) Ṣé kì í ta awọ? Èyí tí kò ní lọ́fínńdà ló sàn jù. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kí wọ́n sì wò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì.
(iii) Èló ni gíráàmù kan? Bí gíráàmù 100 bá jẹ́ ₦1,000, tí 250 sì jẹ́ ₦2,000, ₦10 ni gíráàmù kan nínú ti àkọ́kọ́, ₦8 nínú ti èkejì. Ẹwà ike kò sí nínú ìṣirò yìí.
(iv) Ṣé nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ èròjà wà lára rẹ̀? Òrí tí wọ́n ń bù tà kò ní ìwé lára. Kí wọ́n wò ó bóyá iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti kan.

Bí awọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń ṣomi, tàbí tó ń yún láìdáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ló kàn.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní ọdún 1970, ti fi hàn pé èdè Yorùbá tó fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tó kù ni pé kí ọ̀rọ̀ tuntun má ṣe gbé ìmọ̀ òdì wọlé. Ó ṣeé ṣe kí "afami-mọ́ra" gùn jù lẹ́nu àwọn kan. Ìlò ni yóò pinnu. Ṣùgbọ́n "amómidúró" kò ṣàjèjì: ẹni tó ń ta òrí ní Ọjà'ba yóò gbọ́ ọ, yóò sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọjà òun ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.