Ewúro Nínú Ọgbà Olùkọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́ni, gbogbo wa ni a mọ bí ọgbà ilé-ìwé ti í rí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún. Nígbà tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ sì gbòde, ni a máa ń lọ fún ìsinmi Kérésìmesì. Kí a tó padà dé, tẹ̀tẹ̀ ti gbẹ, ṣọkọ ti rọ, ilá sì ti di igi. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n a wá rò pé asán ni iṣẹ́ ọgbà. Ewu ńlá ni èyí fún àwa tí a óò máa kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ ewúro wò, nítorí ohun ọ̀gbìn tí ó lè dúró dè wá ni.

Irú igi tí ó jẹ́. Ewúro kì í ṣe ẹ̀fọ́ ọdún kan. Igi kékeré ni, a máa wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì máa ga ju ènìyàn lọ bí a kò bá gé e. Àwọn onímọ̀ ewéko ti ń pè é ní Vernonia amygdalina tipẹ́. Àwọn Ìgbò ń pè é ní onugbu, àwọn Haúsá sì ń pè é ní shuwaka. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sábà máa ń yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́, tí àwọn oyin a sì máa bò. Bí olùkọ́ bá já ọ̀kan, tí ó sì tú u palẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, wọn yóò rí i pé ohun tí wọ́n pè ní òdòdó kan jẹ́ ọ̀pọ̀ òdòdó kéékèèké tí ó fún mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti yúnyun àti imí-eṣú, nítorí ìdílé kan náà ni wọ́n.

Gbígbìn rẹ̀. Kí a gé ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó nípọn tó àtàǹpàkò, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1. Kí a fi í gúnlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí ìdajì rẹ̀ yóò fi wọlẹ̀, kí ojú tí ewé yóò ti hù sì kọ sí òkè. Kí a fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sí àárín ọ̀kan sí èkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù, kí gbòǹgbò lè ti jinlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kí a máa bu omi sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ti fìdí múlẹ̀ tán, ọ̀bẹ ni ewúro ń fẹ́ ju garawa omi lọ. Bí a bá gé ṣóńṣó orí rẹ̀, ẹ̀ka yóò yọ ní ẹ̀gbẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, ewé rẹ̀ yóò jìnnà sí ọwọ́. Ẹni tí ó ń fẹ́ ewé púpọ̀ ni kí ó já ìrudi òdòdó rẹ̀ sọnù, ṣùgbọ́n kí ó dá igi kan sí fún oyin àti fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. A kò gbọdọ̀ já gbogbo ewé igi kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kíkorò rẹ̀. Àwọn àgbà ní, òjò tí ó rọ̀ sí ewúro ni ó rọ̀ sí ìrèké. Olúkúlùkù ni ó ní ìwà tirẹ̀, kíkorò ewúro kò sì jẹ́ àbùkù. Ní ọdún 1987, ní òkè Mahale ní ilẹ̀ Tànsáníà, Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá, tí ó bó èèpo ọ̀dọ́ ẹ̀ka ewúro, tí ó sì ń mu omi kíkorò inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ ti yá. Èyí kò wí pé kí olùkọ́ di oníṣègùn. Fún ọbẹ̀, kí a fi iyọ̀ bọ́ ewé náà, kí a sì fi omi ṣàn án, ṣùgbọ́n kí a ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú kíkorò náà, nítorí òun ni adùn rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé olùkọ́ kì í pẹ́ níbi kan. A lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn kí ọdún tó yí po. Tẹ̀tẹ̀ tí ó gbìn yóò bá a lọ, ṣùgbọ́n ewúro yóò dúró de ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀. Kí olúkúlùkù wa gbin ẹ̀ka kan, ó kéré tán, síbi tí a bá rán an lọ.