Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Kọ́ḿpáùǹdì Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó pe ọmọ ní Ìdòwú mọ̀ pé ìbejì ti kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí ó pe ọmọ ní Babátúndé mọ̀ pé bàbá àgbà ti lọ kí ọmọ náà tó dé. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe ariwo lásán. Ìtàn ilé wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúkọ rí nínú kẹ́mísìrì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń há orúkọ àti fọ́múlà sórí nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì fò lọ kí a tó dé gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń wo ilé kò nílò àhásórí púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé e ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Ní ìparí, a ó gbé ẹ̀kọ́ náà dé orí tìróò tí gbogbo wa mọ̀, kí a lè rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá máàkì lásán.

1. Àwọn ará ilé

Ẹ́límẹ́ǹtì ni ohun tí a kò lè fi ọ̀nà kẹ́mísìrì tú sí nǹkan mìíràn mọ́. Méjìdínlọ́gọ́fà (118) ni a mọ̀ lónìí. Nígbà tí ẹ́límẹ́ǹtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá so pọ̀ ní ìwọ̀n kan pàtó, kọ́ḿpáùǹdì ni a ní. Berzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó dábàá ní nǹkan bí ọdún 1813 pé kí á máa fi lẹ́tà ṣe àmì ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan. Láti ara èdè Látìn ni ó ti mú púpọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyí tí irin fi jẹ́ Fe, tí òjé jẹ́ Pb, tí wúrà jẹ́ Au, tí fàdákà jẹ́ Ag, tí sodium jẹ́ Na, tí potassium jẹ́ K, tí antimony sì jẹ́ Sb. Imí-ọjọ́ rọrùn ní tirẹ̀: S ni.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọdọ̀ jẹ́ ńlá, èkejì kékeré. Ẹ má fi ojú kékeré wo òfin yìí. Co ni cobalt, irú mẹ́táàlì kan. CO ni carbon tí ó di mọ́ oxygen, gáàsì tí kò ní òórùn, tí ó máa ń wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, tí ó sì ń pa àwọn tí ó sùn sínú yàrá tí a tì pa. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wà láàárín méjèèjì.

2. Ọwọ́ mélòó ni ó ní?

Ohun tí ìwé ń pè ní valency, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọwọ́ tí átọ́ọ̀mù fi ń di ẹlòmíràn mú. Ẹ wo díẹ̀:

Ọwọ́ kan: hydrogen, sodium, potassium, fàdákà, chlorine.
Ọwọ́ méjì: magnesium, calcium, zinc, oxygen, àti imí-ọjọ́ nígbà tí ó bá jẹ́ sulphide.
Ọwọ́ mẹ́ta: aluminium.
Àwọn tí ọwọ́ wọn ń yí padà: bàbà (1 tàbí 2), irin (2 tàbí 3), òjé (2 tàbí 4), antimony (3 tàbí 5).

Ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ ṣófo. Nítorí náà, a ó kọ mẹ́táàlì ṣáájú, a ó kọ èkejì tẹ̀ lé e, a ó wá pààrọ̀ iye ọwọ́ wọn sí ìsàlẹ̀. Calcium ní ọwọ́ méjì, chlorine ní ọ̀kan: CaCl₂ ni. Aluminium ní mẹ́ta, oxygen ní méjì: Al₂O₃ ni. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ṣeé dín kù, a ó dín wọn kù. Magnesium àti oxygen ní méjì-méjì, nítorí náà MgO ni a ó kọ, a kò ní kọ Mg₂O₂. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi pàṣípààrọ̀ yìí kọ nìkan ni a ń dín kù. Hydrogen peroxide tí wọ́n fi ń fọ egbò, H₂O₂ ni. Ẹni tí ó bá dín in kù sí HO ti ba ilé onílé jẹ́.

Àwọn kan wà tí ó ń rìn pọ̀ bí ọmọ ìyá, tí wọn kì í fẹ́ kí a tú wọn ká: SO₄ àti CO₃ ní ọwọ́ méjì-méjì, NO₃ àti OH ní ọ̀kan-ọ̀kan, NH₄ náà ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìhà mẹ́táàlì ni ó máa ń dúró sí. Bí a bá nílò ju ẹyọ kan lọ nínú irú wọn, àkámọ́ di dandan. Ca(OH)₂ ni a ó kọ. Bí a bá kọ CaOH₂, hydrogen nìkan ni a sọ di méjì. Bákan náà ni Al₂(SO₄)₃, èyí tí àwọn oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ ń dà sínú omi kí ìdọ̀tí lè silẹ̀. Ẹ ka átọ́ọ̀mù inú rẹ̀: aluminium 2, imí-ọjọ́ 3, oxygen 12.

3. Ó tó àkókò láti sọ ọ́ lórúkọ

Mẹ́táàlì ni a ń kọ́kọ́ pè. Bí ó bá jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì kan ṣoṣo ni ó bá a dì, orúkọ ẹni kejì yóò parí sí -ide: NaCl ni sodium chloride, iyọ̀ tí a ń jẹ.

Bí mẹ́táàlì bá jẹ́ irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí padà, a gbọ́dọ̀ sọ iye ọwọ́ tí ó yọ, kí àwọn tí ń gbọ́ má baà ṣìnà. FeCl₂ ni iron(II) chloride. FeCl₃ ni iron(III) chloride. Alfred Stock, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó mú ọ̀nà yìí wá ní ọdún 1919. Àwọn ìwé àtijọ́ a máa pe àkọ́kọ́ ní ferrous, èkejì ní ferric. Sodium, calcium àti aluminium kò nílò nọ́ńbà, nítorí ọwọ́ wọn kì í yí.

Bí kò bá sí mẹ́táàlì níbẹ̀, iye átọ́ọ̀mù ni a ń kà: mono ni ọ̀kan, di ni méjì, tri ni mẹ́ta, tetra ni mẹ́rin. CO ni carbon monoxide, CO₂ ni carbon dioxide, SO₃ ni sulphur trioxide.

Ibi tí ó ti ń dojú rú fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fásitì nìyí. Nílé ẹ̀kọ́ girama àti nínú ìdánwò JAMB, trioxonitrate(V) ni wọ́n kọ́ wa. Nígbà tí a dé yàrá ìṣàyẹ̀wò níbí, nitrate ni a bá lára igò. Ọmọ kan náà ni o. Nitrate ni orúkọ tí a fi ń pè é kíákíá, trioxonitrate(V) ni oríkì tí ó ka ilé rẹ̀ jáde. Tri-oxo wí pé oxygen mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà (V) wí ipò tí nitrogen wà. Ẹ ṣírò rẹ̀: oxygen kọ̀ọ̀kan jẹ́ −2, mẹ́ta jẹ́ −6, àpapọ̀ gbogbo wọn gbọdọ̀ jẹ́ −1, nitrogen ti di +5 nìyẹn. Ẹ fi ọ̀nà kan náà yẹ sulphate wò, ẹ ó rí tetraoxosulphate(VI). Ẹ yẹ carbonate wò, ẹ ó rí trioxocarbonate(IV).

Ẹ kíyè sí ìparí orúkọ pẹ̀lú. NaNO₃ ni sodium nitrate, NaNO₂ ni sodium nitrite. Lẹ́tà “a” tí ó di “i” ti yọ oxygen kan kúrò, ohun tí ó kù sì léwu nínú ara ju ti àkọ́kọ́ lọ.

4. Nígbà tí orúkọ bá ṣi ilé

Ẹ wo kánún ná. Potash ni a ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹni tí ó gbọ́ yóò rò pé potassium ni ó wà nílé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú kánún ọjà wa ni òkúta tí fọ́múlà rẹ̀ jẹ́ Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O. Sodium ni ó kún inú rẹ̀. Ẹni tí dókítà ní kí ó dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó wá ń da kánún sí ẹ̀wà àti ewédú, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó ti ń gba sodium wọlé.

Ti tìróò wá burú ju ti kánún lọ. Àwọn ìyá wa ń lé e, àwọn Hausa ń pè é ní kwalli, a sì ń fi í sójú ọmọ tuntun. Bí a bá bèèrè orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yóò ní “antimony”. Ilé wo ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí? Antimony fi ọwọ́ mẹ́ta di imí-ọjọ́ tí ó ní méjì: Sb₂S₃, antimony(III) sulphide. Ṣùgbọ́n òkúta mìíràn ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà, òkúta dúdú tí ń dán, tí ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sí. Òjé tí ó yọ ọwọ́ méjì ni ó di imí-ọjọ́ mú: PbS, lead(II) sulphide.

Ẹ jẹ́ kí a wọn òjé inú rẹ̀. Ìwúwo átọ́ọ̀mù òjé jẹ́ 207, ti imí-ọjọ́ jẹ́ 32. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 239. Ẹ pín 207 sí ọ̀nà 239, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: 86.6 ni. Nínú gíráàmù ọgọ́rùn-ún PbS tí kò lábùlà, ó lé ní gíráàmù 86 tí ó jẹ́ òjé! Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń fi sójú rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, òjé inú rẹ̀ sì jẹ́ 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi wé ìṣirò wa.

Òjé kò ní iṣẹ́ rere kankan nínú ara. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bàjẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọmọ a fi ọwọ́ nu ojú, a sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi wá wúrà ni ó pa ọmọdé tí kò dín ní irínwó (400).

Nítorí náà, bí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Ẹ má pe àṣà wọn ní òmùgọ̀. Ẹ ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú ilé náà. Kí wọ́n má fi í sójú ọmọ mọ́. Èyí tí wọ́n bá sì ti ń lò fún ọjọ́ pípẹ́, ilé ìwòsàn lè fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà yẹ òjé wò.

5. Ẹ dán ara yín wò

Ẹ kọ fọ́múlà: (a) potassium sulphide (b) copper(II) nitrate (d) ammonium carbonate (e) iron(III) sulphate.
Ẹ sọ ọ́ lórúkọ: (ẹ) ZnCl₂ (f) Cu₂O (g) SO₂ (gb) Mg(OH)₂.

Ìdáhùn: (a) K₂S (b) Cu(NO₃)₂ (d) (NH₄)₂CO₃ (e) Fe₂(SO₄)₃ (ẹ) zinc chloride (f) copper(I) oxide (g) sulphur dioxide (gb) magnesium hydroxide.

Bí (f) bá rú yín lójú, ẹ padà ka ọwọ́: oxygen ní méjì, bàbà méjì ni ó di í mú, nítorí náà ọwọ́ kan ni bàbà kọ̀ọ̀kan yọ. Ẹni tí ó bá mọ ìyẹn ti mọ ọ̀nà. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Kí a má ṣe jẹ́ kí orúkọ tí ó ṣi ilé ro àwọn ọmọ wa. Àṣeyọrí ni gbogbo wa yóò fi ìwé wa ṣe o.