Bí Ẹ̀bù Ṣe Ń Di Iṣu

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, ta ni ó dàgbà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ẹ̀bù? Àgbẹ̀ yóò gé iṣu, yóò fi eérú pa ojú ibi tí ó gé, yóò sì rì í mọ́ inú ebè. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀bù náà lẹ́yìn tí erùpẹ̀ ti bò ó ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Iṣu, gẹ́gẹ́ bí ohun abẹ̀mí gbogbo, jẹ́ àkójọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Robert Hooke, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún wọn ní orúkọ yìí ní ọdún 1665, nígbà tí ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo kọ́ọ̀kì, èèpo igi tí a fi ń dé ìgò. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀bù fi ń wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lábẹ́ ojú ọgbẹ́ yóò pín, ògiri wọn yóò sì di ohun tí omi kò lè là kọjá, kí ẹ̀bù má baà gbẹ, kí ó má sì jẹrà. Eérú ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹ̀bù fúnra rẹ̀ ni oníṣègùn.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó máa ń yà wá lẹ́nu jù. Ẹ̀bù tí a gé láti àárín iṣu kò ní ojú èéhù kankan lára nígbà tí a gbìn ín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lábẹ́ èèpo rẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín, ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, títí èéhù tuntun yóò fi yọ. Ìdí rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì alààyè kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìlànà tí odidi iṣu fi ń di iṣu nínú. Orí iṣu ni ó máa ń tètè hù ju àárín àti ìdí lọ. Àwọn baba wa mọ èyí láìfojú kan sẹ́ẹ̀lì rí.

Pípín nìkan kọ́ ni ìdàgbà. Sẹ́ẹ̀lì tuntun yóò fa omi mu, omi náà yóò máa ti ògiri rẹ̀ síta, sẹ́ẹ̀lì yóò sì gùn. Lẹ́yìn èyí ni kálukú yóò mú iṣẹ́ tirẹ̀: àwọn kan di ewé, àwọn kan ń tọ́jú oúnjẹ tí a ó fi gún iyán. Àwọn tí ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé tilẹ̀ gbọ́dọ̀ kú kí wọ́n tó wúlò. Inú wọn yóò ṣófo, omi yóò sì máa gba ibẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bù kì í ṣe ọmọ iṣu. Ara ìyá gan-an ni. Àrùn fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ìyá ń bá a wọ inú ebè, ọdún dé ọdún. Àgbẹ̀ tí ó kó iṣu ńlá lọ sí ọjà, tí ó sì fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ fún ẹ̀bù, lè máa gbin àrùn láìmọ̀, nítorí àrùn ni kò jẹ́ kí àwọn mìíràn nínú wọn tóbi. Ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ máa ń gé ṣóńṣó èéhù, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín tí fáírọ́ọ̀sì kì í sábà dé, wọn yóò sì tọ́ ọ nínú ìgò títí yóò fi di ohun ọ̀gbìn tí ara rẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ tí kò bá rí irú rẹ̀ rà lè fi àmì sí àwọn ebè tí ewé wọn tutù minimini, tí kò ní àbàwọ́n, kí ewé tó gbẹ. Lára iṣu ibẹ̀ ni kí ó ti gé ẹ̀bù ọdún tí ń bọ̀.